Táyà ńlá lórí píkọ́ọ̀pù tí a kò gbé sókè: rímù ló dá wàhálà sílẹ̀

Píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, àfi tí awakọ̀ bá fi ọ̀pá sí 4x4 kí ti iwájú tó dá sí i. Táyà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ni 265/65R17, ìwọ̀n tí a máa ń rí lára ọ̀pọ̀ Hilux àti Ranger, lórí rímù tó fẹ̀ ní íǹṣì 7.5, tí offset rẹ̀, ìyẹn iye mìlímítà tó ń sọ bí rímù ṣe wọ inú tàbí yọ síta tó, jẹ́ +30. Síprìngì àti ṣọ́kábúsọ́bà rẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tó bá a wá, ẹni tó ni ín kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Ọkọ̀ ẹrù ni, ara rẹ̀ sì balẹ̀ lórí ọ̀nà ọ̀dà. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà tó ń gbà kún fún òkúta tó máa ń gbá díífù ẹ̀yìn, ìyẹn irin oníjíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, lábẹ́.

Ìdí tó dára nìyẹn láti wá táyà tó ga. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi sọ́kàn pé gbígbé ọkọ̀ sókè kì í gbé díífù ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ rárá. Síprìngì tó ga máa ń ti bọ́dì àti ṣáàsì sókè, ṣùgbọ́n díífù ẹ̀yìn ṣì wà ní gíga tí táyà bá gbé e dé. Táyà nìkan ló lè fi kún un.

Ó ti ra táyà 285/70R17 àti rímù tuntun kó tó fi ọ̀rọ̀ lọ ẹnikẹ́ni. Rímù yẹn fẹ̀ ní íǹṣì 9, offset rẹ̀ jẹ́ −12. Wọ́n dè é fún un, ó gbé e jáde, kọ́nà àkọ́kọ́ tó yà ni nǹkan ti ń dún gbàràrà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó dè é ní àfi kó gbé iwájú ọkọ̀ sókè ní íǹṣì méjì, pé táyà ti tóbi ju ihò fẹ́ńdà lọ. Ìgbà yẹn ló wá bá mi. Kò tíì fẹ́ ṣe nǹkan kan, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ fún òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì gbé nǹkan kan sókè," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti ń ha ná."

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìṣirò sí i, torí òun ló máa sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó. Nínú 265/65R17, 265 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 65 sì ni ìdá tí gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ kan á jẹ́ nǹkan bí 172 mm. Tí ẹ bá sọ ọ́ di méjì, tí ẹ fi rímù íǹṣì 17 kún un, èyí tó jẹ́ 431.8 mm, gbogbo gíga táyà á jẹ́ 776 mm. Ti 285/70R17 á jẹ́ 831 mm. Ìyàtọ̀ wọn kò pé 55 mm, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìdajì rẹ̀ ló wà lábẹ́ díífù, ìyẹn 27 mm, torí náà èrè tí ẹni yìí ń wá kò ju ìbú ìka ọwọ́ kan àbọ̀ lọ. Ìdajì tó kù lọ sókè sínú fẹ́ńdà. Ó sì lọ síwájú, ó lọ sẹ́yìn pẹ̀lú, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí.

Mo wo inú fẹ́ńdà méjèèjì iwájú. Lókè orí táyà, ibi tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò, àyè ṣì wà tí ọwọ́ ń wọ̀ fàlàlà. Ibi tí àmì wà ni ìsàlẹ̀: igun ẹ̀yìn bọ́ńpà ti dán níbi tí táyà ti fá ọ̀dà rẹ̀ kúrò, ike dúdú inú fẹ́ńdà ti ya lápá ẹ̀yìn, rọ́bà tó ń dá ẹrẹ̀ dúró sì ti ká wọ inú bí etí ìwé. Nígbà tí mo gbé iná sí i, mo rí i pé táyà ti ń kan irin lẹ́yìn ike yẹn, ibi tí bọ́ọ̀tì ti so kábínì mọ́ ṣáàsì. Irin yẹn kì í tẹ̀ bí ike. Tó bá bu táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí eré, kò sí ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́.

Ojú nìkan kò tó fún irú iṣẹ́ báyìí. A mú ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé, a kùn ún yí ká èjìká táyà méjèèjì iwájú, ní inú àti ní ìta, títí tó fi funfun báláú. A yí sítíárìn dé òpin lápá ọ̀tún, a wakọ̀ síwájú díẹ̀, a tún fi rìfáàsì padà. A ṣe bákan náà lápá òsì. Rìfáàsì ṣe pàtàkì, torí táyà tó ń yí sẹ́yìn máa ń fa rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé, ohun tí kì í ṣe tó bá ń lọ síwájú. Lẹ́yìn náà la gun táyà iwájú kan sórí pákó tó nípọn, kí síprìngì rẹ̀ lè fún pọ̀ bí ìgbà tó wọ kòtò, a sì tún yí sítíárìn pátápátá. Ìdúró yẹn gan-an, ìyẹn síprìngì tó fún pọ̀ àti sítíárìn tó dé òpin, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dán wò. Wọ́n á yí sítíárìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú nínú ilé iṣẹ́, wọn kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á ní ó ti wọlé.

Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti kúrò lára táyà, tó sì lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, kò ní àríyànjiyàn nínú. Ó lẹ̀ mọ́ igun bọ́ńpà. Ó lẹ̀ mọ́ irin ìdè kábínì. Nígbà tí ọkọ̀ gun pákó, ó tún lẹ̀ mọ́ etí fẹ́ńdà níta. Gbogbo ṣọ́ọ̀kì tó kúrò, láti èjìká òde táyà ló ti kúrò. Èyí tó wà ní inú, lápá síprìngì, kò sí ohun tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé táyà ti jáde jù. Offset jẹ́ bí ojú tí rímù fi lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín rímù tó. Tó bá jẹ́ +30, ojú yẹn sún sí apá òde, nítorí náà ara rímù wọ inú. Tó bá jẹ́ −12, ojú náà sún sí inú, rímù sì ta jáde. Rímù ilé iṣẹ́ fi nǹkan bí 65 mm yọ síta lójú họ́ọ̀bù. Ti tuntun, tó fẹ̀ ní íǹṣì 9, fi 126 mm yọ. Etí òde táyà ti sún síta ní nǹkan bí íǹṣì méjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó tó di pé a ń sọ̀rọ̀ gíga táyà fúnra rẹ̀.

Táyà iwájú kì í yí lójú kan náà. Ó ń yí yíká ìlà kan tó gba àárín bọ́ọ̀lù jọ́ìntì òkè àti ti ìsàlẹ̀ kọjá, bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lára híńjì. Etí ilẹ̀kùn tó jìnnà jù sí híńjì ló ń rin ìrìn tó gùn jù. Bí offset bá ti ń ti táyà jáde, bẹ́ẹ̀ ni etí òde rẹ̀ ń jìnnà sí ìlà yẹn, tí awakọ̀ bá sì yí sítíárìn, èjìká iwájú táyà á lọ gbá bọ́ńpà, ti ẹ̀yìn á lọ gbá irin ìdè kábínì. Táyà kan náà lórí rímù tó wọ inú lè yí kọjá láìkan nǹkan kan.

Ibí ni ìmọ̀ràn pé kí wọ́n gbé e sókè ti kùnà. Síprìngì tó ga máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ga nígbà tí kò bá mì. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń dá ìrìn síprìngì dúró kò kúrò níbi tó wà, torí náà tí ọkọ̀ bá wọ kòtò, táyà á gòkè dé ibi tó ti máa ń dé tẹ́lẹ̀ gan-an. Ìlà tí táyà ń yí yíká náà kò kúrò. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, bọ́ńpà lè ga díẹ̀ ju ibi tí táyà nípọn jù lọ, ariwo á sì dín kù, ẹni tó ṣe é á gba owó rẹ̀. Lójú ọ̀nà burúkú ni yóò tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ní ó di dandan kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè fún táyà 285 kò tíì gbé e sórí pákó wò rí.

A tú táyà kúrò lórí rímù íǹṣì 9, a fi í sórí rímù ilé iṣẹ́. Ìwọ̀n 285/70R17 gba rímù láti íǹṣì 7.5 dé 9, nítorí náà ti ilé iṣẹ́ bọ́ sí òpin kékeré, ó sì wà láàárín ohun tí wọ́n gbà láyè. Rímù tó dín ní fífẹ̀ tún máa ń fún ẹ̀gbẹ́ táyà wọlé díẹ̀, ìyẹn ń ràn wá lọ́wọ́. A tún kun ṣọ́ọ̀kì, a tún tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí nǹkan kan lára bọ́ńpà. Kò sí nǹkan kan lára etí fẹ́ńdà. Irin ìdè kábínì mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè tó wà láàárín òun àti táyà kéré lójú mi. Ohun tó ṣẹ́kù ni ike inú fẹ́ńdà lápá ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ àti rọ́bà ẹrẹ̀, tí táyà ń nù lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ tí sítíárìn bá ti dé òpin.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. "Ṣé rímù ni gbogbo ariwo yìí?"

"Rímù ni, sà. Táyà ní ẹ̀bi tirẹ̀, àmọ́ ó kéré."

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ewu kan wà nínú pípadà sí rímù ilé iṣẹ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Bí táyà ṣe kúrò níta ló ṣe súnmọ́ inú. Táyà 285 nípọn ju 265 lọ ní 10 mm lápá kọ̀ọ̀kan, torí náà áàmù òkè, irin tó so táyà mọ́ ṣáàsì, àti ẹ̀gbẹ́ táyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé. Lára ọkọ̀ yìí, ìka ọwọ́ kan ṣì ń gba àárín wọn kọjá. A fi jáàkì gbé ṣáàsì títí táyà fi rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, a wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, torí áàmù kì í wà ní ipò kan náà tó bá rọ̀ àti tó bá fún pọ̀. Àyè yẹn wà síbẹ̀. Táyà ẹlẹ́rẹ̀ tó ní eyín títí dé ẹ̀gbẹ́ lè má rí irú àyè bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, 285 kì í pé 285.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò le. Rọ́bà ẹrẹ̀ la tú, a gé igun inú rẹ̀, a dá a padà. Ike inú fẹ́ńdà la fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná rọ̀, a fi ọwọ́ tí a fi ìbọ̀wọ́ bò tì í sẹ́yìn títí tó fi lẹ̀ mọ́ irin, a sì dì í mú níbẹ̀ títí tó fi tutù. Ẹ má jẹ́ kó gbóná jù. Ike tó bá ti ń ṣe èéfín ti bàjẹ́ nìyẹn. A kò gé irin kankan. Àwọn kan máa ń gé igun irin ìdè kábínì kúrò, wọ́n á sì jó irin mìíràn dí i, ó sì máa ń ṣiṣẹ́ tí ẹni tó mọ jíjó irin bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n so kábínì mọ́ ni ẹ ń gé yẹn. Mi ò ní gé e fún ohun tí aláímẹ́ńtì lè ṣe.

Aláímẹ́ńtì ló tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀tì áàmù ìsàlẹ̀ máa ń ní àyè tí wọ́n fi ń sún un. Tí wọ́n bá fi kún caster, ìyẹn bí ìlà tí táyà ń yí yíká ṣe tẹ̀ sẹ́yìn lókè tó, láti ibẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ á lọ síwájú, táyà á sì bá a lọ, kúrò lẹ́bàá ìdè kábínì. Mìlímítà díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n mìlímítà díẹ̀ yẹn gan-an la ń wá. Wọ́n fi í sí ibi tó ga jù nínú ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ gbà láyè, tọ̀tún tòsì bára mu. Sítíárìn wúwo díẹ̀ sí i, ó sì ń padà sí àárín kíákíá. Àyè tó ń kọ mí lóminú tẹ́lẹ̀ ti dáa.

Láti ibẹ̀ ni mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi bí ẹ̀gbọ́n ṣe pè mí pé epo ń tán kíákíá. Ó ní tẹ́lẹ̀, lítà 11 ló ń jó fún kìlómítà 100, ó ti wá di 12.5. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí kìlómítà tó fi ṣírò. Ó ní lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ni. Dáṣíbọ́ọ̀dù kò mọ̀ pé táyà ti pààrọ̀. Iye ìgbà tí táyà yí ló ń kà, táyà tuntun sì ń fi ìyí kan rìn jìnnà ju ti àtijọ́ lọ ní ìdá 7. Lítà 50 tó rà, tí òǹkà ní ó gbé e dé kìlómítà 400, kìlómítà 428 ló gbé e dé ní tòótọ́. Tí ẹ bá pín in, lítà 11.7 ni fún 100. Epo ti fi kún un lóòótọ́, àmọ́ kò tó ìdajì ohun tó ń dẹ́rù bà á.

Sípídómítà ní ẹjọ́ tirẹ̀, òun ló sì le jù. Òfin àjọ UN tó wà fún sípídómítà, ìyẹn Regulation 39, kò gbà kí ó fi eré tó kéré sí tòótọ́ hàn láé, ó sì gbà á láyè kó fi èyí tó jù ú lọ hàn. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń parọ́ sókè láti ilé iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, tí ti ẹ̀gbọ́n bá fi 100 hàn, GPS fóònù rẹ̀ á ní 96. Pẹ̀lú táyà tuntun, 100 kan náà ti di nǹkan bí 103. Irọ́ òkè ti di irọ́ ìsàlẹ̀, irọ́ ìsàlẹ̀ ló sì ń múni kọjá òṣùwọ̀n láìmọ̀. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yìí tẹ ìwọ̀n táyà tuntun sínú rẹ̀, a sì fi GPS yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló máa gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀.

Jíà náà gùn sí i. Bí díífù bá jẹ́ 3.9, ìyẹn iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń wọ inú rẹ̀ ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, táyà yìí ti sọ ọ́ dà bí 3.64. Lórí títẹ́jú kò hàn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹrù lórí òkè, ó ń yọ jíà sílẹ̀ níbi tí kì í ti í yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bíréèkì náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ sí i ní ìdá 7 kó tó dá ọkọ̀ dúró bíi ti àná. Táyà kọ̀ọ̀kan sì fi ju kìlógíráàmù 5 wúwo ju ti àtijọ́ lọ, torí LT ni, táyà ẹrù. Fún ẹni tó ń kó ẹrù lójoojúmọ́, èyí gan-an ni mo kà sí owó tí táyà ńlá ń gbà lọ́wọ́ ẹni, ju ariwo inú fẹ́ńdà lọ. Ká ní ó bá mi sọ̀rọ̀ kó tó rà á ni, 265/70R17 ni ǹ bá mú fún un: 803 mm ni gíga rẹ̀, ìdá 3.4 péré ló fi jù, ó sì máa ń wọ irú ọkọ̀ báyìí láìgé nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Ó ní kò ní hàn.

Nǹkan méjì ló kù. Afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ kọ sára ilẹ̀kùn, táyà àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Táyà LT nílò psi tó jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè gbé ìwọ̀n ẹrù kan náà, torí nọ́ńbà 121 tó wà lára rẹ̀, ìyẹn ẹrù kìlógíráàmù 1,450 tí táyà kan lè gbé, psi 80 ni wọ́n fi dé ibẹ̀. A wo àtẹ ẹrù àti afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ táyà ṣe, a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, a tún mú ṣọ́ọ̀kì, a fa ìlà kọjá lójú táyà láti èjìká dé èjìká, a sì wakọ̀ lọ tààrà. Àárín nìkan ló kọ́kọ́ parẹ́, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ tí kò gbé ẹrù nìyẹn. A dín in kù díẹ̀díẹ̀, láìkọjá ohun tí àtẹ náà ní kó máà dín sí, títí ìlà náà fi ń parẹ́ dọ́gba.

Táyà àpamọ́ lẹ́yìn. Ti àtijọ́ ló ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n sì ní kó máa wà níbẹ̀. Mo kọ̀ ọ́. Táyà 776 àti 831 lórí ọkọ̀ kan náà, díífù á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, tó bá sì wà ní 4x4 lórí ilẹ̀ líle, transfer case, àpótí jíà tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn, ló máa jìyà rẹ̀. Ó ra ẹ̀karùn-ún. Kò wọ àyè rẹ̀ lábẹ́, ó ń kan irin tí wọ́n fi ń fa tírélà. A tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi rọ̀ tó sì gòkè dáadáa, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà sì ti wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn báyìí. Rímù íǹṣì 9 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílé ẹ̀gbọ́n, ó ń wá ẹni tó máa rà wọ́n.